Ta ló ni ọlọ́pàá Ògbómọ̀ṣọ́?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

"Ẹ kú ilé o. Ó ti lé ní ọdún méjìlá tí mo ti ń gbé ní ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà. Ìlú náà kò tó ìdajì Ògbómọ̀ṣọ́, síbẹ̀ ó ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Ìlú ló gbà wọ́n síṣẹ́, ìlú ló ń sanwó oṣù wọn, ọ̀gá wọn sì máa ń wá sí ìpàdé ìlú, níbi tí ìyá arúgbó ti lè dìde bi í léèrè ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tí mo wálé ṣọdún Iléyá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọlọ́pàá dá wa dúró láti Ọ̀yọ́ dé Tákìè. Kí ló dé tí àwa náà ò lè ní ọlọ́pàá tiwa? Àbí àwa ará ìlú gan-an ni a ò mọ bí a ṣe ń bá wọn gbé?"

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárò ilé. Ìbéèrè méjì lẹ bi wá, àkọ́kọ́ ló rọrùn jù: òfin ni kò gbà. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 214, ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni Nàìjíríà máa ní, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dá òmíràn sílẹ̀ níbikíbi. Kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá tó wà ní Ẹléyẹlé n'Íbàdàn, Àbújá ló rán an wá. DPO, ọ̀gá tésàn tó wà lọ́dọ̀ wa, ìwé àṣẹ ló gbé e dé, ìwé àṣẹ náà ló máa gbé e lọ. Wọn ò ní bi Ṣọ̀ún, wọn ò ní bi alága káńsù. Gómìnà tí a fọwọ́ ara wa dìbò yàn lè pàṣẹ fún Kọmíṣọ́nà, ṣùgbọ́n abala 215 fún Kọmíṣọ́nà láàyè láti ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ti Ààrẹ ná. Bí ọ̀rọ̀ gómìnà bá rí báyìí, kí ni tiwa?

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Ní February 2024, Ààrẹ àtàwọn gómìnà tún jókòó lé e lórí. Ìgbà tó bá dé la máa kí i káàbọ̀.

Ìbéèrè kejì ni mo fẹ́ kí a dúró tì, torí òun ló ń dùn mí. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká mú èrò kan kúrò nílẹ̀, pé tí ọlọ́pàá bá ti jẹ́ ti ìlú, wàhálà parí. Lọ́hùn-ún tí ẹ wà náà ni Ferguson wà, ní ìpínlẹ̀ Missouri. Ìlú kékeré ni, àwọn ará ibẹ̀ ò ju nǹkan bíi 21,000 lọ, ó sì ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Ní August 2014, ọlọ́pàá yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbẹ̀, ìlú gbiná. Ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ Amẹ́ríkà lọ wádìí, àbọ̀ wọn jáde ní March 2015. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni pé àwọn aláṣẹ ìlú ti sọ owó ìtanràn di owó tí wọ́n fi ń ṣèlú, wọ́n ń rọ ọlọ́pàá kí ó máa pa owó wálé, àwọn aláwọ̀ dúdú ni ẹrù náà sì wọ̀ lọ́rùn jù. Ọlọ́pàá ìlú nìyẹn o. Ní Camden, New Jersey, ní 2013, ńṣe ni wọ́n tú ọlọ́pàá ìlú ká pátápátá, tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹkùn tí ìlú wà lábẹ́ rẹ̀.

* * *

Mo ti ka ohun tí ẹ̀yin yòókù kọ. Apá kan ń sọ pé olè ni gbogbo wọn, kí olúwa rẹ̀ má ṣe súnmọ́ tésàn títí ó fi kú. Apá kejì ní kí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ṣáà ti dé, ọmọ wa ló máa di ìbọn mú, ọmọ wa ò sì ní fìyà jẹ wá. Bọ̀dá kan láti Àrówómọlé ní ìlú ló bà wọ́n jẹ́, nítorí àwa là ń fún wọn lówó.

Ẹ̀yin tó ní ká má súnmọ́ tésàn, ọjọ́ tí olè bá fọ́ ilé yín, ẹ máa lọ. Mo ti rí i. Ẹni tó lérí jù ló sáré jù. Ẹ̀yin tó ní ọmọ wa ò ní fìyà jẹ wá, ṣé ẹ ti bá ọmọ wa tó wà ní páàkì pàdé rí? Ṣé ẹ ti bá ọmọ wa tó ń gba owó ilẹ̀ lọ́jà pàdé? Ọmọ wa ni wọ́n.

Bọ̀dá Àrówómọlé ló sún mọ́ òótọ́ jù, ṣùgbọ́n owó tí à ń fún wọn kéré nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí à ń rán wọn ló burú jù.

* * *

Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ yìí. Èlùbọ́ ni mo ń tà, ní Ọjà Wàsọ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, oníbàárà mi kan kó àpò èlùbọ́ méje láwìn. Oṣù kan ló dá, oṣù mẹ́rin kọjá. Gbogbo ẹni tí mo fọ̀rọ̀ lọ̀, gbólóhùn kan náà ló ń ti ẹnu wọn jáde: "Fi ọlọ́pàá mú un."

Mo lọ. Ní ìdí káńtà, wọ́n gba owó bébà lọ́wọ́ mi, wọ́n gba owó epo tí wọ́n máa fi wakọ̀ lọ mú un. Wọ́n mú un dé tòun tọmọ lẹ́yìn. Ọmọ náà ò tíì ju oṣù mẹ́jọ lọ, ó ń sunkún, èmi náà sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mo ń wo ibòmíràn. Ọjọ́ méjì ló lò níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá san díẹ̀ nínú owó náà, ọlọ́pàá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ wa sì yọ ti tirẹ̀ kí ó tó kan mí. Ìgbà tí mo yọ owó epo, owó bébà àti ohun tí wọ́n yọ, èyí tó délé ò tó ìdajì gbèsè. Obìnrin yẹn ò ná Wàsọ̀ mọ́ títí dòní. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Èmi ò tilẹ̀ dé kóòtù tí ọ̀rẹ́ fi bàjẹ́.

Ìyàwó ọmọ mi ló kà á fún mi lẹ́yìn náà pé òfin kọ̀ ọ́. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, sọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tí kò mú ṣẹ. Kóòtù ni wọ́n ń gbé ìyẹn lọ. Mo rò ó títí. Èmi ni mo sanwó kí wọ́n rú òfin. Tí ẹnìkan bá wá fi irú owó bẹ́ẹ̀ ní kí wọ́n mú ọmọ tèmi lọ́la, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀?

Ẹ lọ jókòó sí tésàn èyíkéyìí nílùú yìí ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, kí ẹ fetí sí ohun tí àwọn èèyàn ń gbé wá. Àjọ tí wọn ò san. Owó ilé. Ilẹ̀ tí wọ́n tà fún ẹni méjì. Ọkọ àfẹ́sọ́nà tó kọ̀ tí kò fẹ́ mọ́. Olè àti apànìyàn ò tó ìwọ̀nyí. Bí ọlọ́pàá bá wá di agbowó gbèsè, ó ti rí ibi tó dùn ju wíwá olè kiri lọ nìyẹn. Olè ò ní fún un lówó epo.

* * *

Sí ẹni tó ní "Màmá, ṣé kí n wá fi owó mi sílẹ̀ ni?"

Rárá o. Ẹ gbé e lọ sí kóòtù ìbílẹ̀ tàbí ti Májísíréètì. Ó máa pẹ́, mo mọ̀. Ẹ gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ oníbàárà kí ọjà tó kúrò nílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ní Wàsọ̀ báyìí, àwa mélòó kan ti gbà pé ìyálọ́jà la máa kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ gbèsè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Owó àpò mẹ́rin tí mo rí gbà lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti rí i gbà, ẹni tó jẹ mí ṣì ń rà lọ́wọ́ mi.

* * *

Ọ̀rọ̀ béèlì, kíá. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri tésàn fúnra wọn. Tí wọ́n bá ní obìnrin ò lè dúró fún ẹni tí wọ́n mú, irọ́ ni: òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 ní wọn ò gbọdọ̀ kọ èèyàn nítorí pé obìnrin ni. Wọ́n ti dá èmi padà bẹ́ẹ̀ rí, ní tésàn kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n ní kí n lọ mú ọkọ mi wá. Opó ni mí. Mo lọ mú ọmọkùnrin kan tí mo tọ́ dàgbà wá, òun ni wọ́n gbà.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa, abala 35, ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40. Kóòtù wà nílùú wa, ọjọ́ kan ni tiwa. Ẹni tí wọ́n mú ní ìrọ̀lẹ́ Jimọ̀ọ́ ló ń jìyà jù, torí ó dìgbà tí ilẹ̀ Mọ́ńdè bá mọ́. Ẹ̀yin tó ní lọ́yà lẹ́bìí, ẹ gba nọ́ńbà wọn kó tó di Jimọ̀ọ́.

* * *

Àǹtí kan ní wọ́n ti ẹ̀gbọ́n mọ́lé nígbà tí wọn ò rí àbúrò. Abala 36 nínú Òfin Ọlọ́pàá yẹn ló kọ̀ ọ́: a ò gbọdọ̀ mú ẹnìkan dípò ẹlòmíì. Ìyá, bàbá, ìyàwó, ẹ̀gbọ́n, kò sí èyí tó wà níbẹ̀ fún wọn láti mú. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ má pariwo mọ́ wọn. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí DPO. Ní ìgbà méjì tí mo bá èèyàn lọ sídìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá gan-an ò mọ̀ pé wọ́n ti ẹnikẹ́ni mọ́lé lórúkọ ẹlòmíì. Ó bínú sí wọn lójú wa. Mi ò ní parọ́ mọ́ ẹni tó ṣe dáadáa.

* * *

Ẹnìkan kọ ọ́ pé: "Màmá yìí ń gbè sẹ́yìn ọlọ́pàá. Ṣé wọn ò sí nílùú ní 2020 ni?"

Mo wà nílùú. Ní October 10, 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS, ìbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn òbí rẹ̀ ní ọmọ àwọn ò sí lára àwọn tó ń wọ́de. Lọ́jọ́ kejì, wàhálà wọ ààfin Ṣọ̀ún, wọ́n ba dúkìá jẹ́, ẹ̀mí mìíràn tún bá a lọ. Ọjọ́ kejì yẹn náà ni ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kéde l'Ábújá pé àwọn ti tú SARS ká, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè tí ìwọ́de náà dá lé lórí. Ó ti pẹ́ jù fún ìyá tó ti pàdánù ọmọ rẹ̀ lánàá.

Mi ò gbàgbé. A ti ìsọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, èlùbọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bu. Ọmọ ẹnìkan ló kú o, àwa ń sọ̀rọ̀ èlùbọ́. Ohun tó ń bí mi nínú di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí ni pé nígbà tó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn kan lára àwọn tó bá wa sunkún ti padà sídìí káńtà, wọ́n ń sanwó kí wọ́n lọ mú ayálégbé tó jẹ wọ́n. Ẹ fi ìbínú 2020 sílẹ̀ fún ohun tó tọ́ sí: ẹni tó bá yìnbọn pa aláìṣẹ̀, kí ó dé iwájú adájọ́. Kí a sì fi ọwọ́ ara wa kúrò nínú iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ọlọ́pàá.

* * *

Bàbá wa kan kọ̀wé gígùn, wọ́n ní ìgbà akódà ló dáa, ìgbà tí ọlọ́pàá jẹ́ ti ìbílẹ̀, tó ń sọ èdè wa, tó mọ ilé Bàbá Lágbájá. Mo júbà, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù mí lọ. Ṣùgbọ́n bàbá mi náà sọ ti akódà fún wa, ohun tí wọ́n sọ ò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ìgbà yẹn, ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà nípò ló ń pè é rán níṣẹ́. Ìgbà wẹtíẹ̀ ní 1965, ẹgbẹ́ tí o bá wà ló ń sọ bóyá o máa sùn sílé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn sójà tó gbàjọba ní 1966 fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn ká. Ẹ sì rántí bí ìfipá gba owó orí ṣe dá ogun Àgbẹ́kọ̀yà sílẹ̀ ní 1968 sí 1969, tó fi gba ẹ̀mí ọba nílùú tiwa níbí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti wọ̀ mí lára ni ti Alóńgò. Òótọ́ ni pé àwọn ọdẹ ló tẹ ìlú yìí dó. Ìtàn wa sọ pé Ògúnlọlá, Ààlè, Ohunsílé, Òrìṣàtólú àti Akandie dá ẹgbẹ́ Alóńgò sílẹ̀ kí àwọn akónilẹ́rú má baà kó wọn, kí wọ́n sì máa jọ ṣọdẹ, kí wọ́n máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ààbò ìlú ló bí ìlú. Ìtàn kan náà ló sì sọ pé Ògúnlọlá fúnra rẹ̀ wà ní àhámọ́ Aláàfin nígbà tó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ kojú Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, tó sì gbé orí rẹ̀ bọ̀. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí mo bá rí ọmọ ọlọ́mọ nínú sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó wà ní àhámọ́ ló di Ṣọ̀ún.

* * *

Àwọn ọmọ LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, mo rí ti yín. Ẹ ní ní àdúgbò Under G àti Adénìké, tí ọmọkùnrin bá ti dirun, tó gbé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, wọ́n á ní kó wá, wọ́n á gba fóònù rẹ̀, wọ́n á máa wo inú rẹ̀, wọ́n á ní Yàhúù ni. Kò dáa. Ọmọ àbúrò mi san owó tó fẹ́ fi sanwó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin onílé, ẹ gbọ́ tèmi. Onílé ni mí, èmi ni mo ń bá ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa tọ́jú owó. Àwa ni à ń fi ilé sílẹ̀ fún ọmọ ogún ọdún ní ìlọ́po méjì owó tí akẹ́kọ̀ọ́ gidi lè san, tí a ò bi í níṣẹ́ tó ń ṣe. Tó bá wá di ọjọ́ tí ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀ ò jẹ́ ká sùn, a pe ọlọ́pàá. Wọ́n dé, wọn ò mọ ilé ẹni tí wọ́n wá wò, wọ́n gbá gbogbo ọmọ inú ọgbà lọ. Ọmọ Yàhúù ló máa jáde lálẹ́ ọjọ́ náà, torí ó lówó. Ọmọ tó ń kàwé ló máa sùn síbẹ̀.

Ti Àmọ̀tẹ́kùn: mo fẹ́ràn wọn. Láti January 2020 tí àwọn gómìnà ti fi wọ́n lọ́lẹ̀ n'Íbàdàn, ara ń tu àwọn tó ń lọ oko. Wọ́n mọ igbó. Àwọn ọdẹ alẹ́ tí à ń sanwó fún ládùúgbò náà ń gbìyànjú. Ọwọ́ tí wọ́n bá fi mú olè, ọwọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n máa fi í lé. Ọ̀nà gbogbo, ìdí káńtà yẹn náà ló já sí.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, mo padà sọ́dọ̀ yín, torí ẹ tún kọ̀wé pé ẹgbẹ́ yín lọ́hùn-ún fẹ́ dáwó ra ọkọ̀ fún ọlọ́pàá.

Ẹ ṣeun, Olódùmarè á bù kún un. Ṣùgbọ́n ẹ má rà á. Ẹni tó bá ra ọkọ̀, lọ́jọ́ tí òun àti aládùúgbò rẹ̀ bá ń jà sílẹ̀, ta ni wọ́n máa gbọ́ tirẹ̀? Òun lè má fẹ́ ojúsàájú, àwọn á ṣe é fún un. Ìjọba àpapọ̀ ló gbà wọ́n síṣẹ́, kí ó ra ọkọ̀ fún wọn.

Ohun tí a ṣe ládùúgbò wa nìyí. A kọ lẹ́tà sí DPO, a ní kí ó wá sí ìpàdé onílé. Ó wá ní ẹ̀ẹ̀kẹta tí a kọ̀wé. A ò fún un ní nǹkan kan ju omi àti bísíkíìtì lọ. A bi í ní ìbéèrè, ó dáhùn èyí tó lè dáhùn, ó fún wa ní nọ́ńbà rẹ̀, ó sì sọ fún wa pé 615 tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń lò fún pàjáwìrì kì í gba owó. Inú Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 yẹn ni mo tún ti gbọ́ pé Májísíréètì gbọ́dọ̀ máa wo àwọn tó wà ní sẹ́ẹ̀lì lóṣooṣù. A bi DPO bóyá wọ́n ń wá. Ó dákẹ́, ó ní òun máa tọpa rẹ̀. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e kúrò. A tún kọ lẹ́tà sí ẹni tuntun. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la fi èkejì ránṣẹ́ sí i, a ò tíì gbọ́ èsì.

Tí ẹ bá fẹ́ fowó ṣe nǹkan, nǹkan méjì ló kù díẹ̀ káàtó. Ẹ bá wa tẹ abala 32 àti 36 ní èdè Yorùbá lórí bébà kan, lẹ́tà gbàgbàgbà, kí a lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ìsọ̀ ní Wàsọ̀, ní Ọjà Jagun, ní páàkì Tákìè. Ìkejì, ẹ wá lọ́yà kan tó ń gbé nílùú, kí ẹ máa sanwó fún un lóṣooṣù, kí ó lè lọ sí tésàn ní alẹ́ Jimọ̀ọ́ tí ẹni tí kò lẹ́nìkan bá wà níbẹ̀. Ìyàwó ọmọ mi ti tú abala méjèèjì sí Yorùbá. Tí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ kọ̀wé síbí, kí n fi ránṣẹ́.